Ẹjọ́ wa ní Íńdíà: béèlì ti jáde

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú àdúrà. Mo ní kí n wá parí ọ̀rọ̀ tí mo dá sílẹ̀ níjọ́sí: ìyàwó àbúrò ọkọ mi fi gbogbo wa sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá pé a hùwà ìkà sí i. Orúkọ èmi àti ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìlú ọ̀tọ̀ là ń gbé.

Adájọ́ ti fún wa ní béèlì láná. Béèlì yìí yàtọ̀ sí tilé: kí wọ́n tó mú èèyàn rárá ló ti máa lọ tọrọ ẹ̀, lábẹ́ abala 482 òfin BNSS, ìyẹn òfin ìlànà ẹjọ́ ọ̀daràn ní Íńdíà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2024. Lọ́yà wa tún tọ́ka sí ìdájọ́ tí ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Íńdíà dá ní 2014 lórí ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Arnesh Kumar, tó ní kí ọlọ́pàá má kàn máa kó èèyàn nítorí irú ẹ̀sùn yìí. Rìsíìtì owó ilé wa, tó fi hàn pé ìlú ọ̀tọ̀ là ń gbé, ló gbà wá jù. Bí adájọ́ ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, ọwọ́ ìyá ń gbọ̀n lórí itan mi.

Àmọ́ mi ò gbọdọ̀ kúrò ní Íńdíà láìgbàṣẹ ilé-ẹjọ́. Ìgbéyàwó àbúrò mi ní Abẹ́òkúta ń bọ̀, ó dùn mí wọra.

Mi ò sọ pé irọ́ ni gbogbo ohun tí ọmọbìnrin náà wí o. Mo ti rí ojú ẹ̀ tó wú rí. Ẹjọ́ òun àti ọkọ ẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, mi ò sì ní gbèjà ọkọ ẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n má sá wálé, ẹ ṣeun gan-an ni.