Hẹlikọ́pítà onírímóòtù 450 ń gbọ̀n, ìrù rẹ̀ sì ń jù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Hẹlikọ́pítà onírímóòtù ìwọ̀n 450 ni, abẹ tó ń yí lókè rẹ̀ gùn ní 325 mm. Lẹ́yìn tó já lulẹ̀, mo pààrọ̀ main shaft, ìyẹn ọ̀pá òòró tó gbé orí abẹ ró, àti abẹ méjèèjì, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n, ìrù rẹ̀ ò sì dúró jẹ́ẹ́. Kí ló kù?

Èsì 1: Feathering shaft, ìyẹn ọ̀pá tó gba inú orí kọjá láti abẹ kan dé èkejì. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ yí i lórí gíláàsì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ rẹ̀, ó ti tẹ̀ nìyẹn. Ẹ má wulẹ̀ tọ́ ọ, tuntun ni kí ẹ fi síbẹ̀. Ẹ fi spírítì nu epo kúrò lára síkúrù kí ẹ tó kán threadlock aláwọ̀ búlúù, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí síkúrù tú, sí i, torí kì í dì dáadáa lórí epo. Ẹ má jẹ́ kó kan ike, ó lè là á.

Èsì 2: Báwo ni ìrù ṣe ń jù? Bó bá ń gbọ̀n kíákíá, gain gyro, ìyẹn bí agbára ohun èlò tó ń mú ìrù dúró jẹ́ẹ́ ṣe pọ̀ tó, ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń rọra fì, ẹ wo bẹ́líìtì tó ń yí abẹ ìrù bóyá ó ti dẹ̀, àti ball link, ìyẹn oríkèé kékeré tó so ọ̀pá ìdarí pọ̀, bóyá ó ń há.

Èsì 3: Ẹ yọ wáyà mọ́tò kí ẹ tó dán ohunkóhun wò lórí tábìlì! Abẹ yẹn kì í ṣeré.