Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ilé-iṣẹ́ wo ni kí àbúrò mi gbájú mọ́?

Àǹtí Ṣadé Ọ̀tà:
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àbúrò mi ọkùnrin ti ṣe tán ní yunifásítì. Microbiology ló kà, 2:1 ló gbé jáde, ọmọ ọdún 24 sì ni. Agùnbánirọ̀ ni ní Ọ̀ṣun báyìí, ó ku oṣù mẹ́ta kó parí. Ó ń wá àwọn ètò tí ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń gba gírádúétì tuntun, tí wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ wọn níṣẹ́ kí wọ́n tó pín wọn sí ẹ̀ka. Orúkọ ilé-iṣẹ́ mẹ́rìnlá ló ti kọ sínú ìwé. Èmi ni mò ń fún un lówó ọkọ̀, agbára mi ò sì gbé e kó máa torí gbogbo wọn sáré wá sí Èkó. Èwo ni kó gbájú mọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀.

Akọ̀wé Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò, Àǹtí. Ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá mẹ́rin tó ń ṣàyẹ̀wò ìwé owó, KPMG, PwC, Deloitte àti EY, ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹni tó bá ka Accounting nìkan ni wọ́n ń gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Botany ni èmi kà. Wọ́n kó wa sí kíláàsì, wọ́n kọ́ wa láti orí débíìtì àti kírẹ́díìtì, lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ICAN, ẹgbẹ́ àwọn akáǹtáǹtì Nàìjíríà. Ẹni tí kò ka Accounting á bẹ̀rẹ̀ láti Foundation, á gba Skills kọjá, kó tó kan Professional. Oṣù karùn-ún àti oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ṣe é. Orúkọ mi ló wà lára ìwé-ẹ̀rí yẹn, nígbà tí mo sì kúrò níbẹ̀, mo gbé e dání lọ. Ohun tí màá fẹ́ kí àbúrò yín máa fi wọn gbogbo ètò náà nìyẹn: lọ́jọ́ tó bá kúrò, kí ló máa gbé dání?

Iṣẹ́ náà le, mi ò ní purọ́ fún yín. Lásìkò tí àwọn ilé-iṣẹ́ bá ń pa ìwé ọdún dé, aago mẹ́wàá alẹ́ máa ń bá wa lọ́dọ̀ oníbàárà.

Ọmọ Àkúrẹ́:
Báńkì ni tèmi. Ní báńkì tí mo wọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún la fi wà ní kíláàsì, wọ́n ń sanwó fún wa, a sì ń ṣe ìdánwò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. A ò pé mọ́ nígbà tó fi máa parí. Lẹ́yìn ẹ̀ ni tágẹ́ẹ̀tì owó tí a gbọ́dọ̀ wá wọlé dé, ìyẹn ò sì bá gbogbo èèyàn lára mu. Ètò Entry Level ti Access Bank ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ mi ń dù, ó sì yẹ kó wà lára èyí tó máa gbìyànjú. Ìbéèrè kan péré ni kó má gbàgbé: ṣé òṣìṣẹ́ báńkì fúnra ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà á sí, àbí kọ́ńtíráàtì lábẹ́ ilé-iṣẹ́ mìíràn? Yúnífọ́ọ̀mù kan náà lẹ jọ máa wọ̀, ṣùgbọ́n owó oṣù yín àti ọ̀nà ìgbéga yín ò jọra rárá.

Lábù Agbára:
Ẹ dákun, ọmọ tó ka Microbiology, kí ló dé tí gbogbo wa fi ń tì í lọ sí ọ́fíìsì? Nestlé wà ní Agbára níbí, ó tún wà ní Flowergate ní Ṣàgámù. Nigerian Breweries wà ní Ìbàdàn. Omi tí wọ́n fi ń ṣe nǹkan, ẹ̀rọ tí wọ́n fọ̀, ọjà tó fẹ́ jáde, gbogbo ẹ̀ ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ mú sí lábù kó wò ó bóyá kòkòrò wà nínú ẹ̀. Iṣẹ́ tó kọ́ nílé-ìwé gan-an ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ọ̀tà, ọ̀nà Agbára ò sì jìn sí yín.

Ti Unilever, èyí tí wọ́n ń pè ní Future Leaders Programme, máa bá àpò yín mu: fọ́ọ̀mù, eré orí kọ̀ǹpútà àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò orí fídíò ló ń ṣáájú, ilé ni yóò ti ṣe wọ́n. Ìpele Discovery Centre ló kẹ́yìn, níbi tí wọ́n á ti gbé ìṣòro ọjà kan síwájú yín láti yanjú.

Ẹ̀gbọ́n Gbọ̀ngán:
Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹnì kankan ò tíì fẹnu ba bọ́ǹdì, àdéhùn pé èèyàn ò ní kúrò níbi iṣẹ́ kí àkókò kan tó pé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan gbà mí, inú mi dùn débi pé orí ìdúró ni mo ti tọwọ́ bọ ìwé. Ojú ìwé kẹfà ló wà, mi ò kà á débẹ̀: tí mo bá kúrò kí ọdún méjì tó pé, màá san ₦1,500,000 tí wọ́n ní àwọn fi kọ́ mi níṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀hún ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Nígbà tí mo lo oṣù mẹ́jọ níbẹ̀, iṣẹ́ tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ yọjú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ṣe onídùúró mi, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ pè nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mo fẹ́ lọ. Ojú ń tì mí lọ́dọ̀ wọn títí dòní. Mo jókòó síbẹ̀ títí ọdún méjì fi pé.

Kó gbé ìwé àdéhùn náà relé kó tó fọwọ́ sí i. Èló ni? Ṣé ó ń dín kù bí oṣù ṣe ń lọ, àbí iye kan náà ni títí dọjọ́ ìkẹyìn? Kí ni wọ́n lè ṣe fún onídùúró? Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún un pé àánú ni wọ́n ṣe é tí wọ́n fi kọ́ ọ níṣẹ́. Òfin ITF, àjọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1971, ti ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa san iye tó jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ sí àpò ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá sì kọ́ òṣìṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ lè béèrè apá kan padà.

Ìyá Tolú:
Kúkúrú ni tèmi. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá ní kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbi tí kò kọ̀wé sí, kó má lọ. Ọmọ mi lọ, ó bá igba èèyàn nínú gbọ̀ngàn, oògùn ni wọ́n ní kí wọ́n rà kí wọ́n máa tà kiri. ₦6,000 owó ọkọ̀ mi ló bá a lọ.

Tìṣà CBT:
Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i, nítorí iṣẹ́ mi nìyí ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọ tó ní 2:1, ìdánwò àkọ́kọ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń yan èèyàn ló ń já wọn jù. Aago ni, kì í ṣe ọpọlọ. Nínú ìṣirò, wọ́n á gbé tábìlì owó ọjà ọdún mẹ́rin síwájú ẹ̀, wọ́n á bi í pé ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló fi lé sí i, ó sì lè má ju ìṣẹ́jú kan tó ní lọ. Ní ti àyọkà, ìdáhùn mẹ́ta ló wà: True, False, Cannot say. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ká ní àyọkà sọ pé àgbẹ̀ kòkó pọ̀ ní Oǹdó, gbólóhùn ìbéèrè wá sọ pé kò sí ìpínlẹ̀ tó ń ṣe kòkó tó Oǹdó. Ọmọ wa á tẹ True, nítorí ó ti gbọ́ ọ láti ilé. Àyọkà ò sọ bẹ́ẹ̀. Cannot say ni. Kó gbàgbé gbogbo ohun tó mọ̀, kó dáhùn látinú ohun tó wà níwájú ẹ̀ nìkan.

Kó bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní, ogójì ìṣẹ́jú lójúmọ́, kí aago wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kó má sì dúró di ìgbà tó bá gba ìwé-ẹ̀rí NYSC. Ọ̀pọ̀ ètò yìí ló ní gbèdéke ọjọ́ orí, àwọn mìíràn ò kọjá ọdún 26. Ọdún méjì ló kù fún un.

Àǹtí Ṣadé Ọ̀tà:
Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún un lórí fóònù lálẹ́ àná. Mẹ́rìnlá ti di mẹ́rin: ilé-iṣẹ́ oúnjẹ méjì lápá Agbára, Unilever, àti ọ̀kan nínú àwọn tí Akọ̀wé Mọ́kọ́lá dárúkọ. Ó ní ọ̀rọ̀ lábù yẹn ló wọ òun lára jù. Ẹ̀gbọ́n Gbọ̀ngán, màmá wa ti ń múra láti ṣe onídùúró ẹ̀. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe sùúrù ná, títí èmi àti ẹ̀ yóò fi jọ ka ìwé ọ̀hún dé ojú ìwé ìkẹyìn.