Owó aṣọ ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba: ibi tó máa ń jò gbà

Aláṣọ òkè, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹni tó béèrè ìdí tí aṣọ òkè ẹgbẹ́ fún Ojúde Ọba, ayẹyẹ tí à ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá, fi ń gbówó lórí, ẹ jẹ́ ká fi gèlé nìkan ṣírò. Ká ní ìlà, ìyẹn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ahunṣọ hun, fẹ̀ ní ínṣì 5. Tí télọ̀ bá rán an pọ̀, ojú ìrán á jẹ ìdajì ínṣì lára ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ku 4½. Gèlé tó máa fẹ̀ ní ínṣì 18 á gba ìlà 4, yáàdì méjì-méjì, ìyẹn yáàdì 8 fún orí kan. Regbéregbé (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) tó bá ní obìnrin 120 ti jẹ yáàdì 960, a ò tíì dárúkọ ìborùn o. Ẹ fi yáàdì 50 lé e, torí orí ìlà àti ìdí rẹ̀ kì í gún, gígé ni wọ́n ń gé e.

Òwú gan-an ni owó ti ń jò. Ẹgbẹ́ á dá ìdajì owó, wọ́n á fi ra ìdajì òwú. Ìgbà tí owó yòókù bá wọlé ni wọ́n á tún padà sọ́jà. Aró tẹ̀yìn kì í bá ti àkọ́kọ́ mu. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ojú ò ní tètè rí i. Ẹ dé abẹ́ oòrùn níwájú ààfin, ẹgbẹ́ kan á wá dà bí méjì. Ẹ ra òwú pátá lẹ́ẹ̀kan, kódà bí owó iṣẹ́ ọwọ́ bá máa dúró. Bí nọ́ńbà aró bá wà lára páálí, kó dọ́gba.

Ọwọ́ ahunṣọ náà kì í dọ́gba. Ẹni tó bá ń lu òwú mọ́ra gidi, ọnà inú aṣọ ẹ̀ á kúrú. Tẹni tọ́wọ́ ẹ̀ rọ̀ á gùn. Tí télọ̀ bá fi ìlà àwọn méjèèjì rán gèlé kan, ọnà ò ní pàdé. Ẹ di ìlà ahunṣọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ so àmì mọ́ ọn.

Akápò, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ owó gbígbà, ẹ gbàgbé kàlẹ́ńdà èṣí. Iléyá ń fi bí ọjọ́ 11 yá síwájú lọ́dọọdún: Ojúde Ọba 2024 bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà, ti 2025 bọ́ sí ọjọ́ 8. Owó Ìjẹ̀bú kì í ṣọ̀wọ́n, yíyọ ló máa ń pẹ́.

Onílù, Ṣàgámù

Màmá ti sọ ti aṣọ, ẹ jẹ́ n bọ́ sórí ìlù. Ọ̀pọ̀ onílù máa ń gba iṣẹ́ lówó pọ́ọ́kú torí owó tí àwọn èèyàn á fọ́n sí wọn lára ni wọ́n gbójú lé. Ìyẹn ti léwu. Ẹsẹ̀ 21 òfin CBN (báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà) ti 2007 ka fífọ́n owó síni lára sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Ẹ ṣírò iye èèyàn, ọkọ̀, oúnjẹ àti wákàtí, kẹ́ ẹ sọ gbogbo owó náà jáde kẹ́ ẹ tó gbé ìlù kọ́rùn.

Fífi fóònù sanwó dáa, ìjà tiẹ̀ ló ṣòro. Orí fóònù ọ̀gá ni alẹ́ẹ̀tì ń bọ́ sí, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ò mọ iye tó wọlé. Ẹ ya àkáǹtì kan sọ́tọ̀, kí alẹ́ẹ̀tì máa dé fóònù méjì, kẹ́ ẹ pín in lọ́jọ́ náà.

Àsìkò òjò ni Iléyá ń bọ́ sí lásìkò yìí. Awọ ewúrẹ́ tó bá mumi kì í sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn ń kùn ni. Ẹ fi ọ̀rá bo ojú méjèèjì gángan lójú ọ̀nà. Tó bá ti tutù, ẹ má gbé e sún mọ́ iná, yíya ló máa ya. Atẹ́gùn ni kẹ́ ẹ fi gbẹ ẹ́.

Afọ́tò, Ìkẹ́nnẹ́

Ìwọ̀nba ni tèmi. Copyright Act ti 2022, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà, ní ẹni tó ya fọ́tò ló ni ín, àfi bí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìwé pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ fi fọ́tò ṣe kàlẹ́ńdà tí wọ́n á tà, ẹ kọ ọ́ kẹ́ ẹ tó san àsansílẹ̀. Sísan owó iṣẹ́ nìkan kò sọ fọ́tò di tiyín.

Télọ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó

Màmá, ìyókù ìlà ńkọ́? Ta ló ni ín?

Aláṣọ òkè, Ìjẹ̀bú-Òde

Ìjà ọdọọdún nìyẹn. Bí ẹgbẹ́ bá ra òwú, ẹgbẹ́ ló ni ìyókù. Bó bá jẹ́ pé aṣọ tó ti parí ni wọ́n rà lọ́wọ́ mi, èmi ni mo ni ín. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó ta òwú sórí òfì. Èyí tó bá gùn tó yáàdì kan, abẹ̀bẹ̀ àti àpamọ́wọ́ lẹ fi ṣe. Ẹ má jẹ́ kí télọ̀ kó o lọ o. Ẹ má bínú, télọ̀.