Ojú-ewé ìforúkọsílẹ̀ fún àwọn tí kò ríran

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣe ojú-ewé tí àwọn oníṣòwò Bódìjà, ní Ìbàdàn, yóò ti máa forúkọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà kan tí kò ríran fi NVDA, ètò tí ń ka ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, kà á, "bọ́tìnì, bọ́tìnì" nìkan ni ó ń gbọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kọ iṣẹ́ tí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe sínú kóòdù rẹ̀, nítorí pé NVDA kò lè fi àwòrán lásán mọ ohun tí ó wà fún. Ẹ fún àpótí ìkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní label, ìyẹn orúkọ tí NVDA yóò kà jáde fún un.

Ìdáhùn: Ẹ tún fi kíbọọ̀dù nìkan, bíi Tab àti Enter, lo ojú-ewé náà já, láìfọwọ́ kan mouse. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àwọ̀ eérú kọ̀wé sórí funfun, ó ń ni àwa tí ojú wa kò ríran dáadáa lára púpọ̀, ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ 4.5 sí 1, ó kéré tán, láàárín ọ̀rọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni WCAG, ìlànà àgbáyé fún ojú-ewé tí gbogbo ènìyàn lè lò, béèrè fún ọ̀rọ̀ kéékèèké.

Olùbéèrè: Mo dúpẹ́. N óò ṣe é, n óò sì bẹ oníbàárà náà kí ó tún un yẹ̀ wò.