Ẹ jọ̀ọ́, kọ̀ǹpútà mi kò gba software mọ́, ọjọ́ Mọ́ńdè sì ti dé tán

Ìyá Ṣeun, Mọ́kọ́lá: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Dẹ́sítọ́ọ̀pù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi kò gbà kí n fi software sórí ẹ̀ mọ́. Bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, á kọ error, á sì pa ara ẹ̀ dé. Èsì ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé ló wà lọ́wọ́ mi, àárọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á. Ta lẹ mọ̀ tó lè bá mi ṣe é?

Ọmọ Ọ̀tìgbà: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kí ni error náà kọ gan-an? Windows wo ni? Ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ Computer, ẹ yan Properties. Ẹ wò ó bóyá Service Pack 1 (àkójọ àtúnṣe Windows) wà níbẹ̀, àti bóyá 32-bit ni tàbí 64-bit.

Bàbá Ìbejì: Ẹ gbé e wá sí Computer Village, ní Ìkẹjà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Àbẹ̀kẹ́: Láti Ìbàdàn, lópin ọ̀sẹ̀? Kí wọ́n tó dé Ìkẹjà, kí wọ́n tó padà, àwọn iléèwé á ti wá gba èsì wọn.

Dárà: Ẹ yọ Windows kúrò, ẹ fi Linux Mint, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sí i. Ẹ̀rọ mi tó ti gbó ti ń yára láti ìgbà tí mo ti ṣe é.

Ọmọ Ọ̀tìgbà: Àbúrò, bí software tí iléèwé ń lò kò bá ṣiṣẹ́ lórí Linux ńkọ́? Ohun tí màmá bèèrè kọ́ nìyẹn.

Alákẹ́ Fọ́tò: Ìyá Ṣeun, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ẹ máa gbé e fún. Ní 2021 mo gbé tèmi fún ẹnìkan tó lóun ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò bi mí léèrè ohunkóhun, ó fọ́máàtì ẹ̀. Àwòrán ìgbéyàwó mẹ́rìnlá ló wà nínú ẹ̀, tí n kò tíì tẹ̀ fún àwọn tó ni wọ́n. Gbogbo ẹ̀ lọ. Mo ṣí ẹ̀rọ náà nílé: RAM (pátákó ìrántí ẹ̀rọ) méjì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ni mo bá. Eruku ṣì yí ibi tí èkejì wà ká, àárín ẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìyàwó kan wá bá mi, ó ní àwòrán yẹn nìkan ló kù tí bàbá òun ti wà nínú ẹ̀, bàbá ti kú. N kò rí ọ̀rọ̀ sọ fún un.

Tóyìn: Háà! Ẹ dárúkọ oníṣẹ́ náà.

Alákẹ́ Fọ́tò: Rárá. Ó ti kó kúrò níbẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Gbogbo oníṣẹ́ kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbé tèmi fún ẹnìkan ṣoṣo.

Tóyìn: Èwo ni kí ẹni tí kò mọ ẹnìkan ṣe, sà?

Kúnlé: Ẹ máa jà lọ. Ṣé màmá ti dáhùn?

Ìyá Ṣeun, Mọ́kọ́lá: Ẹ má bínú, èrò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó kọ nìyí: "The program can't start because api-ms-win-crt-runtime-l1-1-0.dll is missing from your computer." Windows 7 ni, 64-bit, mo rí Service Pack 1. Ọjọ́ tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ń ka 2009, láràárọ̀ ni mo ń tún un ṣe.

Kúnlé: Ẹ wá fáìlì DLL tó ní kò sí yẹn nìkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jù ú sínú System32, fódà Windows.

Ọmọ Ọ̀tìgbà: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má ṣe é. Ọ̀nà tí vírọ́ọ̀sì ń gbà wọlé nìyẹn. Fáìlì yẹn kò bá Windows 7 wá láti ilé, àwa la máa fi kún un. Ẹ gba Visual C++ 2015 Redistributable lórí ojú-ewé Microsoft, x64 (ti 64-bit) àti x86 (ti 32-bit) méjèèjì, torí software 32-bit kò ní í lo x64. Update KB2999226 náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ní ti ọjọ́, bátìrì CR2032 inú ẹ̀ ti kú, èyí tó rí roboto bíi kọ́bọ̀. Bí ọjọ́ bá ṣì, Chrome kò ní í gba wẹ́ẹ́bù gbọ́. Ẹ yọ wáyà iná kí ẹ tó pààrọ̀ ẹ̀.

Dárà: Microsoft ti fi Windows 7 sílẹ̀ láti January 14, 2020. Chrome 109 ló gbẹ̀yìn lórí ẹ̀. Ìgbà wo lẹ máa fi máa lẹ̀ ẹ́ pọ̀?

Ọmọ Ọ̀tìgbà: Títí tí wọ́n á fi tẹ èsì àwọn ọmọ tán.

Ìyá Ṣeun, Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti ra bátìrì náà. Àbúrò ọkọ mi ló ti wá gbé e lọ, ó lóun á kúkú fi Windows 10 sí i lálẹ́ yìí.

Ọmọ Ọ̀tìgbà: Windows 10 náà ti parí ní October 14, 2025, mà. RAM mélòó ló wà nínú ẹ̀?

Alákẹ́ Fọ́tò: Ìyá Ṣeun, ṣé ẹ ti kó fáìlì inú ẹ̀ sórí flash kó tó gbé e lọ?

Ìyá Ṣeun, Mọ́kọ́lá: Mo ń pè é báyìí. Kò tíì gbé fóònù.