Sẹ́ǹtì mi tó dà bíi pé wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: mo ti rí ìdí ẹ̀

Ẹ kú àdúrótì o. Ẹ rántí sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà ti 1998 tí mo bá nínú ṣéńjì, tí nọ́ńbà ọdún ẹ̀ ní òjìji lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí mo ti ń fọkàn ra mọ́tò torí mo rò pé àṣìṣe òǹtẹ̀ (irin tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán sára owó) ni, pé á sọ ọ́ di olówó iyebíye. Ó ti yé mi báyìí, òǹtẹ̀ ò ṣẹ̀.

Mo yá gíláàsì bàbá kan tó ń tún aago ṣe, mo gbé owó náà sábẹ́ iná, mo rọra ń yí i. Òjìji yẹn ò ga rárá, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ń dán bíi páànù tuntun, kò pọ́n. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Láti àárín 1982, síǹkì ni inú sẹ́ǹtì, bàbà tín-ín-rín ni wọ́n kàn fi bò ó, ìdá 2.5 nínú 100 péré, àwọn ti àtijọ́ tó jẹ́ bàbà gidi wúwo tó gíráàmù 3.11, tèmi jẹ́ 2.5 lórí sikéèlì. Tí ẹ̀rọ bá wá gbá òǹtẹ̀ mọ́ ọn, awọ bàbà yẹn á fà, á ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, síǹkì á yọjú. Ká ní òǹtẹ̀ ló ní àwòrán méjì ni, ìkejì náà á ga sókè, bàbà á sì wà lórí ẹ̀.

Ẹni tó ní wọ́n fi ọ̀bẹ ha á, rárá, ojú ibẹ̀ ì bá jìn. Mo ti sọ ọ́ sínú kólò jàre.