Ìkẹ́ ni mo fi pa èyí àkọ́kọ́: ẹ wá sọ ìrírí tiyín nípa títọ́jú láíkẹ̀n

Ìyá Olódòdó, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé òdòdó àti ẹ̀fọ́ la sábà máa ń sọ níbí, ṣùgbọ́n ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ara igi obì àti igi ọsàn ni mo gbé wá lónìí. Ẹ ti rí i rí. Ó funfun díẹ̀, ó tún ṣe bí aláwọ̀ ewé, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, etí rẹ̀ ká kò bí ewé tó ti gbẹ. Làpálàpá igi ni màmá mi máa ń pè é. Láíkẹ̀n ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, òun náà ni n ó máa lò.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjì ya ẹ̀ka igi obì kan lulẹ̀ lẹ́yìn ilé wa. Láíkẹ̀n ti bo ẹ̀ka náà látòkè délẹ̀. Mo ní kí wọ́n má fi dáná. Mo gé e kéékèèké, mo wá ike ńlá kan tó ní ìdérí, mo tò ó sínú rẹ̀, mo wọ́n omi sí i, mo dé e pa, mo gbé e sójú fèrèsé kí oòrùn lè rí i. Láàárọ̀, omi. Lálẹ́, omi. Bí mo bá ti ọjà dé, kí n tó bọ́ gèlè, òun ni mo kọ́kọ́ ń yọjú sí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí èéhù fi bò ó. Nígbà tí mo ṣí ìdérí, ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká tutù sínú àpótí. Àwọ̀ ewé ara rẹ̀ ti ṣí, ìyókù rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Mo da á nù, inú mi ò sì dùn sí ara mi.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé láíkẹ̀n gbọ́dọ̀ gbẹ. Kò ní gbòǹgbò, kò ní àpò omi nínú. Bí òjò tàbí ìrì bá sẹ̀ sí i lára, á mu ún bíi kànrìnkàn, á jí, á máa fi oòrùn se oúnjẹ. Bí ara rẹ̀ bá gbẹ, á dákẹ́, á sùn, kò kú. Ẹ mú èyí tó ti gbẹ tó ń ró pàràpàrà, ẹ ta omi òjò sí i, kí ẹ máa wò ó: láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, àwọ̀ ewé á yọ. Ṣùgbọ́n tó bá tutù tọ̀sán tòru nínú ooru inú ike, ohun tó ń jẹ á pọ̀ ju ohun tó ń pa wọlé lọ. Ẹ̀yin ọlọ́jà ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ orúkọ ìyẹn. Ojú owó ló ń jẹ.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mi ò gbé e wọlé mọ́. Ẹ̀ka mìíràn tó já ni mo mú, mo fi òwú so ó mọ́ igi ọsàn, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń kàn án tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i. Èèpo igi tó wà lórí rẹ̀ ni mo gbé lọ pẹ̀lú rẹ̀, mi ò ṣí i kúrò lára rẹ̀. Lásìkò òjò, mi ò fọwọ́ kàn án. Nígbà ọyẹ́ nìkan ni mo máa ń fín omi òjò tí mo gbè sínú ìkòkò sí i ní ìdájí, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Mi ò lo omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti pò kẹ́míkà mọ́. Ẹ má sì fi ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ajílẹ̀ kankan sún mọ́ ọn o.

Mo fi kúté tí a ń kùn sí èékánná sàmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lára igi, mo sì ń fi rúlà wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ọjọ́ Ojúde Ọba, lọ́dọọdún kí n má bàa gbàgbé. Lọ́dún 2020 tí wọn ò ṣe Ojúde Ọba nítorí Kòrónà, èmi wọn láíkẹ̀n tèmi. Láàárín ọdún mẹ́ta, mìlímítà mẹ́jọ ló fi tẹ́ síwájú. Ọkọ mi ní kí n máa wá ra ilẹ̀ sílẹ̀ dè é.

Ta ló tún ti gbìyànjú ẹ̀?

Olóbì, Ìṣarà:

Ìyá Olódòdó, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀tá nǹkan yẹn ni èmi o. Kí n tó tó ọmọ ogún ọdún, àdá ni bàbá wa máa ń kó lé wa lọ́wọ́ lẹ́yìn ìkórè pé ká lọ máa ha á kúrò lára igi gbànja. Wọ́n ní ó ń mu ẹ̀jẹ̀ igi. A ha á títí ọwọ́ wa fi bó.

Nígbà tí oko di tèmi, mo ha apá kan, mo fi apá kejì sílẹ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n, ìnáwó alágbàṣe ló fà á. Ibi tí a ha, àdá ti ṣá èèpo igi lọ́gbẹ́ káàkiri, kòkòrò sì gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Ibi tí a ò ha so obì tirẹ̀ bó ṣe ń so ó. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti sọ àdá sílẹ̀.

Ohun tó ń tan àwọn àgbẹ̀ jẹ ni pé igi tó ń ṣàìsàn ni láíkẹ̀n máa ń pọ̀ sí lára. Igi tó ń wọ́wé ni ìmọ́lẹ̀ máa ń rí àyè wọ inú rẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá sì wà ni láíkẹ̀n ń tẹ̀ lé. Àìsàn ti wà níbẹ̀ kó tó dé. Àfòmọ́ ni olè gidi. Ẹ ṣẹ́ ẹ̀ka tí àfòmọ́ wà lórí rẹ̀ kí ẹ là á, ẹ ó rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú igi. Láíkẹ̀n kì í wọ inú igi lọ mumi bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ló bá tan. Lójú tèmi, láíkẹ̀n ni òwe yẹn bá mu jù, torí àfòmọ́ ní nǹkan tó fi ń fa omi onílé.

Onílé, Ṣágámù:

Èmi ò gbìn ín, mo kàn bá a lára igi máńgòrò inú ọgbà nígbà tí a kó dé ilé yìí ni. Ó dára lójú mi, pàápàá èyí tó pupa yí ká etí tí àárín rẹ̀ funfun. Lọ́dún 2021, a gbé jẹnẹrétọ̀ kúrò ní iwájú ilé lọ sẹ́yìn, ẹnu páìpù rẹ̀ sì kọjú sí igi náà. Mi ò rò ó rárá. Kó tó pé ọdún kan, gbogbo ohun tó wà ní ìhà ibẹ̀ ti di eérú, tí mo bá fọwọ́ kàn án, á rún. Ìhà kejì igi kan náà ò ṣe nǹkan kan. A ti yí páìpù padà báyìí, mo ṣì ń retí.

Tíṣà, Àgọ́-Ìwòyè:

Onílé, ohun tí ẹ rí kì í ṣe tuntun. Láíkẹ̀n ò ní awọ tó ń dí nǹkan lọ́nà. Gbogbo ohun tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ àti òjò ló ń wọ ara rẹ̀, pàápàá èéfín tó ní imí ọjọ́ nínú. Lọ́dún 1866, William Nylander, ọmọ Finland kan tó ń gbé ní Paris, kọ ọ́ sílẹ̀ pé láíkẹ̀n ṣì pọ̀ nínú ọgbà Luxembourg tó wà ní ìlú náà, níbi tí afẹ́fẹ́ mọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń di àwátì láwọn apá mìíràn nínú ìlú.

Ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà ló wá fi gbogbo agbára ta ko Simon Schwendener, ọmọ Switzerland, tó sọ lọ́dún 1867 pé láíkẹ̀n kì í ṣe ẹyọ kan, méjì ló ń gbé pọ̀. Olú ló kọ́ ilé. Ewéko tín-tìn-tín tí ojú lásán ò lè rí ló ń se oúnjẹ nínú ilé náà. Inú bí àwọn àgbà onímọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n Schwendener ló jàre. Bí ẹnikẹ́ni bá jókòó nínú yàrá kẹ́mísìrì rí, láíkẹ̀n ti ṣiṣẹ́ fún un: ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ àwọ̀ bébà litmus.

Ìrírí tèmi rèé. Lára àwọn láíkẹ̀n kan, ìyẹ̀fun kan wà lójú rẹ̀. Kì í ṣe irúgbìn, olú díẹ̀ àti ewéko díẹ̀ ló wé mọ́ra nínú hóró kọ̀ọ̀kan, atẹ́gùn á sì gbé àwọn méjèèjì lọ pọ̀. Èmi àti àwọn ọmọ SS2 kan fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìyẹ̀fun náà jọ, a fi omi òjò rẹ èèpo igi máńgòrò kan tó ṣe kúńkú, a fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ibi mẹ́wàá la fi sí. Mẹ́jọ nínú rẹ̀, òjò fọ̀ ọ́ lọ. Lára méjì tó kù, ọdún kan àti oṣù méjì kọjá kí n tó rí ohun tó tó orí abẹ́rẹ́. Àwọn ọmọ tó bá mi fi í ti ṣe WAEC tán. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, ọ̀kan béèrè pé ṣé ẹ̀gbin ni.

Ọlọ́sìn ìgbín, Ìperu:

Tèmi ò gùn. Mo tọ́ ọ lórí òkúta ọdún méjì, mo gbé òkúta náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ìgbín mi kó lè rí ibòòji. Ìgbín mẹ́ta jáde lóru. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkúta ń dán.

Tíṣà, Àgọ́-Ìwòyè:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni.

Ọmọ Òkè-Ẹ̀rì:

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bí ẹ bá wá sí Erédò Ṣùǹgbọ́, yàrà àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, lọ́dọ̀ wa, ẹ má ṣe gé nǹkan kan lára ògiri yàrà náà. Mo máa ń mú àlejò lọ síbẹ̀, mo sì ti rí ẹni tó yọ ọ̀bẹ jáde láti ha nǹkan aláwọ̀ ewé tó bo ògiri sínú ọ̀rá, ó ní òun fẹ́ lọ gbìn ín. Ibi tí ó ha yẹn, omi òjò ti wa á wọlé ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ohun tó ń hù lára ògiri yẹn wà lára ohun tó di amọ̀ rẹ̀ mú. Ẹ̀ka tó já lulẹ̀ pọ̀ nínú igbó, ẹ mú ìyẹn.

Ìyá Olódòdó, Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ ṣeun, Ọmọ Òkè-Ẹ̀rì, ẹ bá mi pariwo rẹ̀. Bàbá Olóbì, mo ti ka ọ̀rọ̀ àfòmọ́ yẹn fún ọkọ mi, ó ní òótọ́ lẹ sọ. Ọlọ́sìn ìgbín, ẹ má bínú, mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ka mẹ́rin já ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n wà ní ìta abẹ́ àjà, wọ́n ti gbẹ dáadáa. Mò ń bọ̀ ní ọjà Òkè-Àjẹ ní ọjọ́ Ẹtì. Èyí tó bá wù yín, ẹ wá mú un, ṣùgbọ́n inú apẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ fi gbé e lọ, kì í ṣe inú ọ̀rá.